Omi Aláwọ̀ Àlùkò (Pọ́pù)

Odígbó, Ọjọ́rú, oṣù kẹwàá, 1961

"Kò sí ewé, kò sí egbò, ọwọ́ ènìyàn kankan kò po nǹkan sínú omi yìí. Àdúrà nìkan ló pa á láró." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni tó ń ta ìgò ní oríta Ọ̀rẹ̀ wí. A ti gba òmìnira; ó yẹ kí wọ́n fi í ṣe mínísítà.

Fúnmi ọmọ mi gbà á gbọ́, ó ra ìgò kan, ó sì ń fún Dúpẹ́ ọmọ rẹ̀ ní omi àlùkò inú rẹ̀ mu nítorí ibà. Ilé àdúrà wọn kì í lo oògùn, omi nìkan ni. Ká ní ọ̀gbẹ́ni náà pè é ní oògùn, ì bá ti dà á nù.

Mo kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí pépà tí ń fa yíǹkì, mo ki etí pépà náà bọ omi lásán, bí mo ti ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo ṣì jẹ́ olùkọ́. Omi ń gun pépà, ó ń wọ́ àwọ̀ lọ. Àlùkò náà pín sí méjì: pupa sáré gòkè. Búlúù ń fà tìkọ̀ lẹ́yìn. Aró kan ṣoṣo kì í pín sí méjì; ẹnìkan ló po méjì pọ̀.

"Fúnmi, wá wò ó. Ẹnìkan ló po èyí."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé pépà ló fẹ́ kọ́ wa ní ìgbàgbọ́ ni?"

Ṣùgbọ́n ó gbé ìgò sílẹ̀. "Kí wá ni búlúù yẹn?"

Pépà lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kò lè dárúkọ wọn.

Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, Fúnmi sáré lọ wá mọ́tò tí yóò gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Dúpẹ́ ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí dókítà bá bi mí, kí ni kí n sọ pé ó mu?