Ilé Oyin Ara Ògiri Ìyá Efe

Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
Èkó.

Lubabah, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo bẹ Ọlọ́hun kí ìwé yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tí kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O rántí Ìyá Efe, opó ará Wárí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó gbin ẹlẹ́gẹ́dé sínú garawa ọ̀dà, ṣùgbọ́n òdòdó rẹ̀ ń rẹ̀ dànù láìso. Mo ti kà á nínú ìwé kan tí wọ́n kó dànù ní GRA pé irú oyin kan wà tí kì í gbé inú afárá: inú ihò tóóró ni ó ń dá gbé, a sì máa fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ bí bíríkìlà, bí ó bá sì ń bà lé òdòdó kiri, òdòdó á so. Mo tọrọ àjákù ọparun lọ́wọ́ àwọn káfíńtà Malu Road, mo gé wọn lábẹ́ kókó kí ẹ̀yìn wọn lè dí, mo họ ẹnu wọn kó jọ̀lọ̀, mo tò wọ́n sínú agolo mílíìkì, mo sì so ó mọ́ ara ògiri rẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ń bà sí. Àwọn oyin dé, ẹlẹ́gẹ́dé sì so. Àràárọ̀ ni a jọ ń wò wọ́n. Ó máa ń rẹ́rìn-ín pé, "Baba, àwọn àyálégbé yín tún ti kó ẹrù dé o!"

Mutmainah aránṣọ ẹnu géètì kò jẹ́ kí ó pẹ́. Ó pariwo lójú gbogbo èèyàn pé, "Alàájì, oyin yìí mà dùn o! Àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ ìyàwó?" O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ̀rọ̀ mi sọ. Nígbà tí Ìyá Efe lọ sí ọjà, mo já ilé oyin náà, mo gbé e wá sí ojú fèrèsé mi, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé a kì í mì ín nígbà tí ọmọ bá wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Baba, oyin lẹ ń sá fún ni, àbí èmi?" Láti ọjọ́ náà, kíkí lásán ló kù láàárín wa.

Amọ̀ ẹnu àwọn ọparun náà kò ṣí mọ́. Mo la ọ̀kan: àwọn ọmọ ti já bọ́ kúrò lórí oúnjẹ wọn, wọ́n ti gbẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Efe wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Wárí. Gbogbo ilé jáde láti bá wọn di ẹrù. Èmi dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, nítorí Mutmainah wà níta. Ìwọ náà ní nọ́ńbà Ìyá Efe. Jọ̀wọ́, pè é, kí o bá mi bẹ̀ ẹ́.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹnu èèyàn gba ohun rere lọ́wọ́ yín. Kí àwọn ọmọ rẹ gbó, kí wọ́n tọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń rántí rẹ nígbà gbogbo,
Mùsílíù.

Àfikún: Má wulẹ̀ pè é mọ́. Kí n tó lẹ ìwé yìí, mo pè é fúnra mi lórí fóònù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, létí gbogbo ilé. Ó bèèrè bóyá àwọn oyin náà ti jáde. Mo ní wọ́n ti kú, mo sì bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìgbà tí mo ṣì wà nílé ló yẹ kẹ́ ẹ sọ ọ́, Baba."