Má Lọ Wo Eré Ọmọ Rẹ

Ìyá àwọn ọmọ,

Mi ò jí ọ. O ní kí n yan eré tuntun kan fún ọ ní ilé eré tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ wo ti opó tó ń bá àwọn àna rẹ̀ du ilé. Ọmọbìnrin tó kọ ọ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ, wàá rẹ́rìn-ín.

Má wo èyí tí ọmọ rẹ kọ. Bàbá tó ti ọmọ mọ́ ìta nínú òjò, èmi ni. Ó tilẹ̀ fi ikọ́ mi kún un. Ilẹ̀kùn orí ìtàgé náà, èmi káfíńtà wọn ni mo kàn án.

Kò sí níbẹ̀ pé mo padà lọ ṣílẹ̀kùn, tí mi ò sì bá a níta mọ́. Ìwọ tó dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà rí i. O ò sọ fún un títí dòní.