Ṣaléwá, Lọ́yà Àwọn Olórin

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà,
Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ọmọ Jẹ̀lílì.

Ọmọ́ṣaléwá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jemimah tí ẹ jọ háyà yàrá ní Yaba, mo sì kí gbogbo àwọn tó ń rí ọ lójoojúmọ́ nígbà tí èmi tí mo bí ọ kò rí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó kọjá sí Súrùlérè lọ síbi tí o ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ níjọ́ tí o kúrò nílé kò ní jẹ́ kó kọ nísinsìnyí tó kù díẹ̀ kí o débẹ̀. Ara ìyá rẹ le. Kòkó so lọ́dún yìí, àmọ́ òjò pọ̀ débi pé a ò rí oòrùn sá a. Ewúrẹ́ funfun náà ti bí ìbejì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán. Bí mo bá ti dé ibi tó dùn, obìnrin kan a já lu ọ̀rọ̀ mi, a ní owó mi ti tán. N kò mọ ẹni tó ń sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ni. Nígbà tí o wá ní Kérésì tí o ní o ò fẹ́ ṣe lọ́yà ẹjọ́ ilẹ̀ mọ́, pé ti àwọn olórin àti oníṣẹ́ sinimá lo fẹ́ ṣe, o jókòó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀nà tó wà níbẹ̀ pọ̀, pé ẹlòmíràn a máa bá òṣèré kọ ìwé àdéhùn, ẹlòmíràn a wà nílé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ẹlòmíràn a máa lé àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́, pé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù pàápàá ní lọ́yà tiwọn. Mo ń mi orí, ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé ọmọ mi yóò máa tẹ̀lé olórin kiri. Mo lọ bi Tíṣà Níyì pé kí ni orúkọ òyìnbó tí o pe òfin yìí túmọ̀ sí. Ó yẹ ìwé wò, ó ní òfin fàájì ni. Mo wá rò pé iṣẹ́ yín ni láti máa mú àwọn tó bá ṣe fàájì kọjá ààlà, mo sì ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ò ní ráyè sùn ní Èkó. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bẹ Lọ́yà Kọ́lápọ̀ ní Iléṣà pé kó fi àyè sílẹ̀ fún ọ, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán láàárín wa. Ó sì gbà. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni mo fẹ́ ròyìn, nítorí ìdajì rẹ̀ péré lo gbọ́.

Àwọn oníṣẹ́ sinimá kan wá láti Súrùlérè wá ṣiṣẹ́ lẹ́bàá omi Olúmirìn. Jẹ̀lílì bíríkìlà, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó ti kú, wà lára àwọn tó bá wọn gbé ẹrù gun òkè. Bó ṣe ń gbé e ló ń kọ orin tó fi ń dárò ìyá rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ní kó dúró, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gbẹ́ni kan lára wọn tó ń jẹ́ Morákinyọ̀ gbé ìwé wá, ó ní kí Jẹ̀lílì fọwọ́ sí i, òun yóò sì san owó lójú ẹsẹ̀. Oyún Lateefah, ìyàwó Jẹ̀lílì, ti pé oṣù, ọkọ rẹ̀ ti mú bírò. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àlejò wa kò pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀. Mo rántí pé o sọ pé ìwé tí wọn ò bá jẹ́ kó sun ilé ẹni, kí ènìyàn má fọwọ́ sí i. Mo di Jẹ̀lílì lọ́wọ́ mú. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ọmọ mi ni lọ́yà àwọn olórin ní Èkó, ó sì gbọ́dọ̀ rí ìwé náà. Mo sọ ọ́ bí ẹni tí inú rẹ̀ ti ń dùn sí i tipẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé náà sílẹ̀, ó ní òun yóò padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí mo pè ọ́, o ní ká ya ìwé náà ní fọ́tò ká fi ránṣẹ́. A ò fi ṣeré. A wọ aṣọ, a lọ sọ́dọ̀ oní-fọ́tò. Èmi jókòó, Jẹ̀lílì dúró, ó gbé ìwé sáyà. Fọ́tò náà dára, ìyá rẹ ti gbé e kọ́ sí pálọ̀, àfi bí o ṣe pè padà pé ojú wa lo rí, o ò rí ohun tí wọ́n kọ. Lubabah tó ní ìsọ̀ tí a ti ń ṣáàjì fóònù ló wá tẹ́ ìwé sórí tábìlì, tó ń yà á lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, tó sì fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Ó ní àmì méjì ti di búlúù, pé o ti kà á. Mo bi í pé ṣé yíǹkì búlúù ni wọ́n fi ń ṣe máàkì báyìí, nígbà tiwa pupa ni.

Nígbà tí o wá pè, tí o ní kí gbogbo ilé gbọ́, gbogbo wa rọ̀gbà yí fóònù ká. O ní kì í ṣe orin kan ni ìwé yẹn ń gbà, gbogbo èyí tí Jẹ̀lílì ti kọ àti èyí tí kò tíì kọ ni, títí ayé, wọn ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ bi mí bóyá òwò ìwọ̀fà ti padà dé ni. Lateefah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní ṣé orin tí ọkọ òun máa fi rẹ ọmọ lẹ́kún yóò jẹ́ tiwọn náà ni. O ní bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ṣe orin náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wú mi lórí pé o ò dá a ṣe, pé o ní akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ni ọ́, o sì gbé e fún ọ̀gá rẹ, Lọ́yà Margaret. Èsì tó kọ ti dé kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, Lubabah sì bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Nígbà tí Morákinyọ̀ dé, mo sọ ọ́ fún un bí o ṣe kọ́ mi: orin kan, sinimá kan, kí orúkọ Jẹ̀lílì hàn gbangba, kó sì máa gba róyátì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni kò yé mi. Tíṣà Níyì ti sọ pé ìdílé ọba ló túmọ̀ sí. Mo mọ̀ pé ìran Jẹ̀lílì kò jọba rí, ṣùgbọ́n bí lọ́yà bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Mo wo ojú ọkùnrin náà, mo ní àwọn lọ́yà wa ní Èkó ní ẹ gbọ́dọ̀ mú ọmọkùnrin yìí wọ ìdílé ọba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí orin. Ó jáde lọ pe ọ̀gá rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń sọ pé bàbá tó wà níbí kò ṣeé rẹ́ jẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní àwọn gbà. Òun náà ló wá ṣàlàyé fún mi pé róyátì ni owó tí yóò máa wọlé fún olórin nígbàkigbà tí wọ́n bá lo orin rẹ̀. Mo ní mo mọ̀.

Jẹ̀lílì ti fọwọ́ sí ìwé tuntun. Lateefah ti bí obìnrin. Lánàá tí a sọ ọmọ lórúkọ, bàbá rẹ̀ kọ orin kan tí a kò gbọ́ rí, ìyá rẹ sì sunkún.

Mo ti lọ sí Iléṣà lọ sọ fún Lọ́yà Kọ́lápọ̀ pé kó fi àyè yẹn fún ẹlòmíràn, pé ọmọ mi ti rí ọ̀nà tirẹ̀. Inú kò bí i. Ó sìn mí dé ìdí mọ́tò, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé ọmọ òun kan ń kọ tàkasúfèé ní Mushin, ṣé o lè bá òun wo ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí. Mo ní kó mú un wá, àmọ́ kó má yà á ní fọ́tò pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Òjò ti ṣí páànù ilé ìdáná, bá wa wá nǹkan díẹ̀ sí i. Lubabah tún ní a ní láti ra dátà kí ìyá rẹ tó lè wo sinimá náà bó bá jáde. Bó bá jẹ́ kílò ni wọ́n fi ń tà á lọ́jà Tejúoṣó, ra èyí tó bá pọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́.

Ọ̀nà tí o là fúnra rẹ, Ọlọ́run yóò mú un gbòòrò. Níjọ́ tí o bá kọ́kọ́ dìde níwájú adájọ́, ẹnu rẹ kò ní wọ́. Iṣẹ́ rẹ yóò bọ́ ọ, yóò bọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ. Máa lọ, ọmọ mi. N kò ní pè ọ́ padà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń fi ọ́ yangàn.