Àjẹmọ́nú Julienne

Ajé, 5 Ọ̀kítóbà 1936
Akparé. Òjò. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí — òsì náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi Julienne, Ológoṣẹ́ mi, mú ìròyìn bọ̀ láti ilé ìwé míṣọ̀n tó ti ń kọ́ni. Àwọn Fadá fẹ́ máa san àjẹmọ́nú lóṣooṣù fún olùkọ́ tó bá ń fi èdè Ifẹ̀, èdè ilé wa níbí, kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Fadá àgbà yóò ti Atakpamé wá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ wọn ní ogúnjọ́ oṣù. Bí Julienne kò bá rí owó náà gbà, ilé ìwé kan ní Notsé ti pè é. Ó ní, "Bàbá, owó ibí yìí kò tó ra bàtà."

Ìṣẹ́gun, 6
Notsé! Ọdún kan péré ni Hilaire ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ń lọ ṣe níbẹ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Ọjọ́bọ̀, 8
Colette ìyàwó mi — Adájọ́ ilé yìí — ní kí n fọwọ́ wọ́nú, kí n jẹ iyán mi. Mo jẹ ẹ́. Kò lọ dáadáa.

Àbámẹ́ta, 10
Mo ti rò ó. Mo kàwé lábẹ́ Jámánì, mo kọ́ni lábẹ́ Faransé, n kò rí Òyìnbó tó sanwó fún èdè ilé rí. Ẹ̀bìtì ni. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń rú òfin ìjọba tó ní Faransé nìkan ni ká fi kọ́ni. Bọ́wọ́ wọn bá tẹ ọmọ mi, wọn á lé e, Notsé náà ni yóò gbà lọ.

Ajé, 12
Mo ṣáájú Ológoṣẹ́ dé abẹ́ máńgòrò ilé ìwé. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá sọ èdè ilé níwájú Òyìnbó, wọn á so pákó mọ́ ọn lọ́rùn, bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìwé ìjọba. Mo kọ́ wọn ní "Bonjour, mon Père" — ẹ káàárọ̀, Fadá. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ara mi balẹ̀ díẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 20
Fadá gun kẹ̀kẹ́ dé. Mo dúró lójú fèrèsé. "Bonjour, mon Père!" — bí ìbọn. Fadá wá fi Ifẹ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ láàárọ̀. Ifẹ̀ wa gan-an! Kẹ́kẹ́ pa. Ó ní kí wọ́n kàwé. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀. Julienne ń làágùn. Fadá yọ pẹ́ńsùlù láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni Céline, ọmọ Fájọbí alágbẹ̀dẹ, bá nawọ́ sí mi: "Bàbá ojú fèrèsé yẹn ló ní ẹ máa so pákó mọ́ wa lọ́rùn. Ṣé ẹ gbé e wá?"

Fadá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iṣu sísun nìkan lòun gbé wá, òun kò sì ní fún ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Ẹnu là. Wọ́n kàwé, wọ́n jiyàn, wọ́n fẹjọ́ ara wọn sùn. Èmi ti wà lẹ́yìn máńgòrò.

Lójú ọ̀nà, Julienne ní: "Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ lé mi lọ sí Notsé."

Ọjọ́rú, 21
Ó kí mi. Kò jókòó.

Ẹtì, 23
Adájọ́ dá ẹjọ́: kí n sọ òótọ́ fọ́mọ. Mo sọ ọ́ — pé ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ bí Hilaire. Ó wò mí. "Ohun tó ń jẹ yín láti ọjọ́ yìí náà nìyẹn?" Ó jókòó, ó bu ẹ̀pà lọ́wọ́ mi jẹ.

Àbámẹ́ta, 31
Lẹ́tà dé. Wọ́n fún un! Láti oṣù tó ń bọ̀. Fadá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Ẹ bá mi kí Bàbá Onípákó." Adájọ́ ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Julienne kọ èsì sí Notsé pé òun kò wá mọ́. Èmi ni yóò mú un lọ sílé ìfìwéránṣẹ́ ní Atakpamé lọ́jọ́ Ajé. Ó wà lápò mi. Mo ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ṣì wà níbẹ̀.