Àgbọ̀nrín tí Mo Yìn Lókèèrè

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n ti rí àgbọ̀nrín mi. Bàbá Jọ́ọ̀nù, olórí ọdẹ wa, ló bá a láàárọ̀ yìí nínú oko ẹ̀gẹ́. Ó ti dùbúlẹ̀, ó ṣì ń mí. Àdá ni wọ́n fi pa á.

Ọjọ́rú ni mo yìn ín. Ó jìnnà sí mi tó òpó iná mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ìbọn ṣakabùlà mi kò lágbára débẹ̀, ni mo bá ki ẹ̀tù lé ẹ̀tù, bí ẹni pé ariwo ló ń pa ẹran. Ó ṣubú, ó dìde, ó lọ. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé odò, òjò dé, mo padà sílé. Mo tiẹ̀ jẹun. Lánàá mo lọ kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, mi ò wá a mọ́.

Bàbá tó bí mi máa ń sọ pé bí mi ò bá rí ìpéǹpéjú ẹran, kí n má yìn ín.

Mo rò pé Bàbá Jọ́ọ̀nù máa bá mi wí. Ọta tí wọ́n yọ lára ẹran náà ló kàn fi hàn mí. Gbogbo ọdẹ ìlú ló mọ̀ pé èmi nìkan ló ń gé sípóòkì kẹ̀kẹ́ ṣe ọta.

"Tìmótì, ìwọ lo kọ́kọ́ yìn ín. Ìwọ lo ni orí."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Mo gbé orí ẹran náà lọ sílé.

Ọta mi ti fọ́ eegun àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi ń fọ orí náà, ó bá koríko lẹ́nu rẹ̀, èyí tó já tí kò rí jẹ. Ó bi mí bóyá kí òun sè é.

Mo ní ebi ò pa mí.