Nítorí Gọ́tà Iwájú Ilé Wa

                                        Ilé Bíríkìlà,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àìrí ara ẹni, ẹ sì kú òtútù. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ mọ́? Èjìká tó ń dùn yín nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Tí ẹ bá bi mí léèrè tèmi, màá ní a dúpẹ́. Ara le. Ọkàn nìkan ni kò balẹ̀, bàbá yín ló sì fà á. Mo mọ̀ pé bàbá tèmi náà ni, ṣùgbọ́n láti oṣù tó kọjá, ẹ̀yin ni mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún.

Mo mọ̀ pé ó ti pè yín lórí fóònù, ó ti rojọ́ fún yín pé mo kó àwọn ará àdúgbò lé òun lórí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ gbọ́ tẹnu èmi náà.

Ẹ mọ̀ pé kí òjò tó wọlé dáadáa lọ́dọọdún ni àdúgbò wa máa ń jáde kó gọ́tà. Lọ́dún yìí, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò. N kò béèrè fún un o. Mo pẹ́ dé ìpàdé ni. Kí n tó rí àga jókòó, wọ́n ti yàn mí. Lọ́jọ́ tí a jáde, alága fúnra rẹ̀ ká ṣòkòtò sókè, ẹni tí ẹ mọ̀ pé kì í gbé ohun tó wúwo ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. A kó gọ́tà láti òkè wá, iṣẹ́ ń lọ ní mẹ̀lọ̀mẹ̀lọ̀, àfi ìgbà tí a dé iwájú ilé wa. Kọnkéré tí Bàbá dà sórí gọ́tà nígbà tí a wà ní kékeré, èyí tó fi ń ṣe ìjókòó ní ìrọ̀lẹ́, ti rì wọlẹ̀ débi pé ṣọ́bìrì kò lè wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Iyẹ̀pẹ̀ àti ọ̀rá ti dí ibẹ̀ pa. Alága ní àfi ká fọ́ ọ.

Bàbá kò pariwo. Ó kàn rọra jókòó lé e.

Ó ní, “Ẹ fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ ó fọ́ èmi náà mọ́ ọn.”

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní, “Bàbá, omi kò níbi tí yóò gbà.” Ó ní ṣé èmi tí òun kọ́ ní ìrìn ni mo wá ń kọ́ òun bí omi ṣe ń rìn. Àwọn ènìyàn ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Kálukú gbé ṣọ́bìrì, wọ́n tú ká. Nígbà tí a tún ṣèpàdé, wọ́n ní kí akọ̀wé kọ ìwé ìkìlọ̀ sí onílé. Èmi ni akọ̀wé, Bàbá ni onílé. Ẹ ò rí ayé mi! Mo kọ ọ́, mo gbé e fún un pẹ̀lú oúnjẹ. Ó kà á tán, ó ní mo ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ, ó sì fi ìwé náà dé ife omi rẹ̀.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ọ̀wààrà òjò fi dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ kò tíì mọ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Opó ni, ẹ̀yìn tí ẹ lọ ló gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ilé wa, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Nígbà tí omi kò rí abẹ́ kọnkéré gbà, ó yà sójú títì, ó gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé. Kí n tó dìde nídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Àpò fúláwà tó wà nílẹ̀ ti rin gbingbin. Búrẹ́dì kún inú ààrò, iná sì ti kú lábẹ́ rẹ̀. Mo gba abọ́, mo bá wọn gbọ́n omi. Bí a ṣe ń gbọ́n ọn dànù ló ń padà wọlé.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, Bàbá ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà láìdé fìlà, tí òjò ń rọ̀ lé e lórí. Ìyá Oníbúrẹ́dì náà rí i. Ó ní, “Bàbá, ẹ wọlé, òjò ń pa yín.” Ì bá sàn kó bú u.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìró òòlù ló jí mi. Bàbá ló ń fọ́ kọnkéré. Mo sáré jáde, mo ní kó jẹ́ kí n pe àwọn ọ̀dọ́. Ó ní ẹni tó dà á ni yóò fọ́ ọ. Inú bí mi. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbà láti ọjọ́ yìí, kí oníbúrẹ́dì tó pàdánù ohun ìṣòwò rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Ó ní, “Nígbà ayé ìyá yín, ibẹ̀ ló máa ń jókòó dè mí tí mo bá pẹ́ níbi iṣẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbàgbé. Mo wọlé lọ bu omi wá fún un.

Ẹ má tíì sunkún o, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ẹ̀yìn rẹ̀ dá a gúnlẹ̀. Èmi ni mo ń fi ìpara ra á, tó ń kígbe bí ọmọ ọwọ́. Bó ṣe dìde báyìí, ọ̀pá ló mú, ó ń wo gọ́tà ilé onílé kiri. Ó ti ọ̀pá bọ abẹ́ àbáwọlé alága lójú àlejò, ó ní ìdọ̀tí ibẹ̀ ju ti òun lọ. Àwọn tó ń wá fẹjọ́ sùn pé kò jẹ́ ká kó gọ́tà ló tún ń wá báyìí pé kò jẹ́ kí gọ́tà sinmi. Wọ́n ní kí akọ̀wé tún kọ ìwé ìkìlọ̀! Ó bá Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga sókè, ó ṣe é dáadáa, ìyẹn náà sì gbé àga síta fún un láti dúpẹ́. Ibẹ̀ ló ń jókòó báyìí, tó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé búrẹ́dì àárọ̀ yìí jóná díẹ̀. Lánàá ni obìnrin náà ránṣẹ́ sí mi pé òun kò lé Bàbá o, òun kàn ń béèrè bóyá kò ní ọ̀rẹ́ mìíràn.

Ní ti ìlú, pápá bọ́ọ̀lù ti di odò. Wọ́n ti sún ìdíje ìsinmi síwájú, ṣùgbọ́n àwọn ti àdúgbò òkè ní àwọn ti gbégbá orókè nítorí pé àwọn nìkan ló wá. Nọ́ọ̀sì tí ẹ jọ lọ síléèwé ti bímọ, obìnrin ni.

Mo rọ Bàbá pé kó wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ó ní ta ni òun fẹ́ fi gọ́tà sílẹ̀ fún. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Kí n tó gbàgbé, ó ní kí n sọ fún yín pé òun ń fẹ́ bàtà òjò, èyí tó ga dé orúnkún. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má rà á.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ríbi sá sí,

Tín-ín-rín.