Ìbọn Tó Kún, Tí Kò Ṣàn

                                        Ṣọ́ọ̀bù Tonks,
                                        Ẹ̀yìn Ọ̀nà Chapel,
                                        Lye, nítòsí Stourbridge.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá.

Horace, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ọ̀gbẹ́ni etí òkun,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Winnie ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń jẹ́ kó rìn dé etí omi? Àwọn ọmọ ńkọ́? Atẹ́gùn Barmouth yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì gbé fìlà rẹ lọ? Ní tèmi, mo wà láàyè. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ìwé yìí, nítorí náà bí àwọn lẹ́tà mi bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún náà kò kúkú kọ ọ́ dáadáa rí.

Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àbúrò Winnie. Kò mọ nǹkan kan. Èmi tí wọ́n fi ọ̀pá irin lù ni kí o gbọ́ tẹnu mi.

Ìwọ àti èmi la jọ wọ ilé-iṣẹ́ ṣéènì nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n wa. Iná jó wa, irin jẹ wá lára. Àwọn tó kàwé nínú ẹgbẹ́ wa ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn ti kú. Èmi Ezra tí tíṣà ní orí mi le bí òkúta, èmi ni wọ́n ń kọ̀wé sí láti Cornwall dé Carlisle pé kí n bá wọn tún inú ìbọn afẹ́fẹ́ wọn ṣe. Wọ́n á fi sípíríǹgì ránṣẹ́, wọ́n á fi pisitíìnì tó ń ti afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, n ó ha á, n ó dán an wò, amúlẹ́tà á sì gbé e padà. Bí ẹnìkan bá wà ní gbogbo agbègbè yìí tó lè ṣe é jù mí lọ, kó jáde ká jọ wora wa lójú.

Òfin iṣẹ́ wa kò ṣòro. Ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju méjìlá lọ lórí òṣùwọ̀n tí ìjọba fi ń wọn ìbọn, àgbàlagbà lè ní in láìgba ìwé. Bó bá fi ìka kan kọjá méjìlá, ìbọn gidi ni lójú ìjọba, ẹni tó bá gbé e láìgbàṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ń lọ sẹ́wọ̀n, ẹni tó bá a ṣe é á sì tẹ̀ lé e. Àwọn sípíríǹgì àti pisitíìnì wọ̀nyí lè gba pósítì láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá ta odindi ìbọn, ojúkojú ni wọ́n á ti gbé e lé oníbàárà lọ́wọ́. Èmi gbàwé àṣẹ oníṣòwò. Mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sára ògiri. Ìwé yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù mi. Bí wọ́n bá gbà á, òfìfo ilé ni Lorna ọmọ mi máa jogún.

Ó wá ku bí ọ̀gbẹ́ni kan láti Walsall, Dean Hingley, ṣe fi sípíríǹgì àti pisitíìnì ránṣẹ́ sí mi. Ó pè mí lórí fóònù.

Ó ní, "Bàbá Tonks, ẹ bá mi jẹ́ kó kún o! Kó kún dáadáa!"

Mo ní, "Ọmọ, bí ọwọ́ mi bá kàn án, kíkún ló máa kún."

O rí i, Horace, láàárín àwa oníṣẹ́ ìbọn, èyí tó "kún" ni èyí tó dé etí méjìlá tí kò kọjá rẹ̀, bí ife ọtí tó dé ẹnu tí kò ṣàn sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ kó kọjá, "gbóná" ló máa ń wí, n ó sì gbé fóònù sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Hingley kò mọ èdè wa. Kíkún tirẹ̀, àkúnwọ́sílẹ̀ ni. Mo kó nǹkan rẹ̀ sínú ìbọn kan tí mo ní tó jọ tirẹ̀, mo yìn ín níwájú ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, mo fi ọta fífúyẹ́ yìn ín, mo fi ọta wúwo yìn ín. Mọ́kànlá àti díẹ̀ ni. Mo dì í, mo fi ránṣẹ́, mo gbàgbé.

Kí ni Hingley fẹ́ fi ṣe? Ajá Trevor Foxall, aládùúgbò rẹ̀, ló wọ ilé ẹyẹlé rẹ̀, tó fa àwọn ẹyẹlé ìdíje rẹ̀ ya tán. Hingley bá ń sọ káàkiri ilé ọtí pé Foxall kò ní jẹ oúnjẹ Kérésì. Lọ́jọ́ kan tí Foxall ń na aṣọ sórí okùn, ó ki ẹnu ìbọn bọ àlàfo fẹ́ǹsì, ó fojú sun iwájú orí rẹ̀, ó yìn ín. Kò bá iwájú orí. Ọta náà ba ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọ́ egungun àgbọ̀n, ó kó eyín méjì dání, ó sì dúró sábẹ́ ahọ́n.

Foxall kò ṣubú. Ó fo fẹ́ǹsì tòun ti ẹ̀jẹ̀ láyà, ó já ìbọn náà gbà, ó sì fi ìdí rẹ̀ lu Hingley títí igi ìdí ìbọn fi ṣẹ́. Ó fọ́ ọ níhà, ó fà á létí ya. Ọlọ́pàá ló là wọ́n. Wọ́n kó àwọn méjèèjì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa tilé wá jẹ́jọ́.

Ta ni Hingley wá dá lẹ́bi? Èmi! Ọ̀sán gangan ni, mo ń fi fáìlì ha irin lọ́wọ́, ó wọlé pẹ̀lú báńdéèjì létí àti ọ̀pá irin lọ́wọ́.

"Ìwọ bàbá olè! Mo ní kó kún!"

"Ta nìyí?"

"Hingley! Mo ní kó kún!"

"Ó kún."

"Kún kẹ̀? Ó yẹ kí orí Foxall ti fọ́ bí ẹyin! O tà mí ní ohun ìṣeré ọmọdé!"

"Orí èèyàn lo fẹ́ fọ́, o ò wá sọ fún mi? Ṣé o rí pátákó alápatà níta ni?"

Ó gbé ọ̀pá náà sókè sí orí mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ìka mẹ́ta ṣẹ́, Horace, mo gbọ́ wọn bí igi gbígbẹ nínú iná. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-iṣẹ́ ṣéènì kì í fi ìka mẹ́ta sunkún. Mo fi ọwọ́ òsì gbá a lọ́rùn ẹ̀wù mú, mo kàn án lórí bí àgbò, mo sì fi ojú rẹ̀ gbá irin fáìsì tí mo fi ń di nǹkan mú lórí tábìlì. Eyín rẹ̀ bọ́ sínú èérún irin. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ o! Ṣùgbọ́n ó wúwo jù mí lọ. Ó gorí mi, ó fún mi lọ́rùn, ojú mi ń dúdú bọ̀. Lorna bá jáde láti ẹ̀yìn pẹ̀lú kẹ́tùlù tó ń hó, ó dà á sí i lẹ́yìn.

Ó ní, "Tíì rẹ rèé, ọ̀gá. Ṣùgáà ti tán."

Igbe tí ọkùnrin yẹn ké, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pa kò ké e rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló dùn mí ju ìka lọ. Ọlọ́pàá mú Hingley kí wọ́n tó tún tú u sílẹ̀, ó sì sọ ní àgọ́ wọn pé èmi ni mo mú ìbọn òun gbóná. Ọ̀gá ọlọ́pàá obìnrin kan, Sájẹ́ńtì Sandhu, wá, ó yọ ìwé àṣẹ mi kúrò lára ògiri, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó ní wọ́n máa lọ dán ìbọn náà wò. Ó tún bi mí bóyá mo rí ojú Hingley rí kí n tó ṣiṣẹ́ fún un. Mo ní rárá, pósítì ni, òfin sì gbà á. Ó ní òótọ́ ni, òfin gbà á. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi sùn. Láàárín àkókò yẹn, Lorna á gbé ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀ àti ẹ̀wà wá síwájú mi, n ó kàn máa wò ó ni.

Wọ́n dán an wò. Ọta fífúyẹ́, ọta wúwo, mọ́kànlá àti díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe wí! Sandhu dá ìwé mi padà. Mo gbé e kọ́, mo fi apá ẹ̀wù mi nù ún.

Kò pẹ́ sí i ni Trevor Foxall fúnra rẹ̀ wọlé. Wáyà ni wọ́n fi de àgbọ̀n rẹ̀, àárín eyín ló ń gbà sọ̀rọ̀, itọ́ pupa ń yọ létí ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ ra ìbọn. Àgbàlagbà ni, adájọ́ kankan kò tíì dá a lẹ́bi, ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí n má tà fún un. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ilé-iṣẹ́ ṣéènì, ìwọ náà rí i, lójú ẹni tó ti Enoch akẹgbẹ́ wa sínú iná.

Mo ní, "Kò sí èyí tí mo lè tà fún ọ."

"Gbogbo ògiri yìí kún fún ìbọn."

"Kò sí."

"O bá ẹni tó yìnbọn lù mí ṣiṣẹ́, èmi tí wọ́n yìnbọn lù ni o ò ní tà fún? Bàbá arúgbó burúkú!"

Ó fi ìkúùkù fọ́ gíláàsì orí káńtà, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ tòun ti ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.

Horace, o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ẹni tó bá pe ọlọ́pàá sí èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í bá a mu ọtí mọ́, bàbá mi kò tiẹ̀ kí irú wọn títí tó fi kú. Mo gbé fóònù, mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún gbé e. Mo pe Sandhu. Wọ́n bá Foxall lẹ́nu ọ̀nà Hingley pẹ̀lú àáké, ó ti la ilẹ̀kùn dé ìdajì. Hingley, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn wà nínú ilé.

Ẹni tó fọ́ mi níka ni mo gbà là, mo sì di afẹjọ́sùn nítorí rẹ̀. Ní ilé ọtí Lye báyìí, wọ́n ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ọ́ tààrà: bí mo bá wá sí Barmouth, ṣé wàá bá mi jókòó?

Bá mi kí Winnie àti àwọn ọmọ. Lorna ní kí n kí ọ, ó ń ha sípíríǹgì lọ́wọ́ níbí, kò sì burú.

Ọ̀rẹ́ rẹ ni mí síbẹ̀, bí o bá ṣì gbà bẹ́ẹ̀,

Ezra Tonks